Ẹ̀jẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀jẹ̀ Czech: ṣé ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀ la ó máa tú u ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí o. Brno, ìlú kan ní ilẹ̀ Czech, ni mo ti ń kọ́ èdè Czech, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń kọ́ wa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, olùkọ́ wa kó ogún gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì fún wa, ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú gbogbo wọn, ó ní ká tú wọn. Mo kọ "krvavý test" fún "blood test". Mo kọ "krvavé auto" fún "bloody car". Fún ẹni tó pa ènìyàn "in cold blood", mo kọ pé ó ní "studená krev". Mẹ́rìnlá ni mo kùnà nínú ogún. Ṣé ẹ̀jẹ̀ kan náà kọ́ ló ń ṣàn lára ará Lọ́ńdọ̀nù àti ará Brno ni? Kí ló dé tí "blood" kò kàn lè jẹ́ "krev", kó tán síbẹ̀? Ẹ fún mi ní òfin kan tí mo lè dì mú. Ìdánwò ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n sì tún ní kí n wá fa ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò ní Ọjọ́bọ̀.

* * *

Àbúrò mi, òfin wà fún àṣìṣe àkọ́kọ́. Àwọn méjì yòókù kò ní òfin, àmọ́ wọ́n ní ìdí. Ẹ̀yin yòókù tí ẹ ti fèsì tàbí béèrè nǹkan lábẹ́ lẹ́tà yìí, mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín náà.

Ọ̀rọ̀ àpèjúwe méjì ni Czech yọ jáde lára krev, kò sì fẹ́ kí a pa wọ́n pọ̀. Krevní ni ohun tó jẹ mọ́ ẹ̀jẹ̀: krevní skupina ni irú ẹ̀jẹ̀ tó wà lára ẹni, krevní oběh ni bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yí ara ká, krevní tlak ni èyí tí wọ́n ń wò tí wọ́n bá ń bẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ ríru. Krvavý ni ohun tí ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀ gan-an, tí o lè fọwọ́ kàn kí ọwọ́ rẹ pọ́n: ọ̀bẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi pa ẹran, báńdéèjì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú, ẹran tí wọ́n dín tí inú rẹ̀ kò jinná. Krvavý test tí o kọ yẹn, bébà ìdánwò tí ẹ̀jẹ̀ kán sí ni olùkọ́ rẹ rí lọ́kàn rẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì náà mọ ìyàtọ̀ yìí, kò kàn pariwo rẹ̀ ni. Bí "blood" bá dúró lásán níwájú ọ̀rọ̀ mìíràn, bíi "blood pressure", krevní ló sábà máa ń jẹ́. Bó bá ti di "bloody", tí ẹ̀jẹ̀ sì wà níbẹ̀ lóòótọ́, krvavý ni. Mo ní "sábà" nítorí pé àwọn kan wà tí kò gba ọ̀rọ̀ àpèjúwe rárá. Ẹ̀yìn ni krev ń lọ nínú ti wọn, á sì di krve: dárce krve ni ẹni tó ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ, otrava krve ni "blood poisoning", àkóràn inú ẹ̀jẹ̀, odběr krve ni fífa ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò, èyí tí ìwọ gan-an ń lọ ṣe ní Ọjọ́bọ̀. "Blood diamond" sì di krvavý diamant, nítorí ẹ̀jẹ̀ àwọn tí wọ́n pa nídìí òkúta yẹn ni wọ́n ń sọ.

"Bloody car" kò ní ẹ̀jẹ̀ kankan nínú. Èébú ni. Ará Czech tí mọ́tò rẹ̀ kọ̀ láti ṣáná ní òwúrọ̀ òtútù kì í pe ẹ̀jẹ̀, inú ṣọ́ọ̀ṣì ló ti ń kó èébú tirẹ̀: sakra tó wá láti ara sákírámẹ́ńtì, krucifix tí í ṣe àgbélébùú, hergot tí wọ́n gbà lẹ́nu àwọn ará Jámánì tó ń pe Olúwa Ọlọ́run. Zatracené auto ni kí o kọ, ọkọ̀ ẹni ègbé. Ọlọ́pàá tó bá gbọ́ krvavé auto lẹ́nu rẹ yóò rò pé ẹnìkan ti fara pa.

* * *

Ẹnìkan béèrè bí a ṣe ń pe krv-, pé òun kò rí fáwẹ̀lì kankan níbẹ̀. R ni fáwẹ̀lì rẹ̀. Ohun tí "ń" ń ṣe nínú "ó ń lọ", tó dá dúró tó sì gba ohùn tirẹ̀, ni r ń ṣe nínú krvinka, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ní odidi gbólóhùn kan tí kò ní fáwẹ̀lì, Strč prst skrz krk, "ki ìka rẹ gba ọ̀fun kọjá", àwọn ọmọdé sì ń fi í dán àlejò wò. Má fi "i" sáàárín. Ẹni tó bá ń pè é ní "kirivinka" kò ní tètè yé nọ́ọ̀sì.

* * *

Ọ̀pọ̀ nínú yín ní kí àbúrò yìí ṣe àkọ́sórí: Gẹ̀ẹ́sì lápá òsì, Czech lápá ọ̀tún, kó máa kà á lálaalẹ́. Èmi náà ṣe é lọ́dún àkọ́kọ́ mi, ìdí tí mo fi ń tako yín nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ tútù ló kọ́kọ́ já irọ́ rẹ̀.

Ìgbà òtútù ni. Bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ yọ̀ lórí yìnyín níbi tí ọ̀nà ti dagun, ìdí rẹ̀ ń yí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Awakọ̀ kò tẹ bíréèkì. Ó rọra ń yí ọwọ́ ìdarí díẹ̀díẹ̀ títí táyà fi padà mú ilẹ̀, ó sì ń lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ìyá àgbà kan tó di irin mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi mí kanlẹ̀, ó ní: "Ten ale zachoval chladnou krev." Mo tú u lọ́kàn mi: ọkùnrin yìí pa ẹ̀jẹ̀ tútù mọ́. Mo ń wo ìyá náà, mo ń rò ó pé kí ni awakọ̀ tó gbà wá là yìí ṣe tó fi ń pè é ní apànìyàn.

Ìyìn ni ó ń yìn ín. Zachovat chladnou krev ni kí ọkàn ẹni má pòrúurùu nígbà tí gbogbo ènìyàn ń sá kiri. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí a bá ṣe "in cold blood" kì í ṣe ire, ìpànìyàn ló sábà máa ń tẹ̀ lé e. Ní Czech, chladnokrevně, ìyẹn "pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tútù", lè gba ọ̀nà méjèèjì. Ìwé ìròyìn kan náà lè kọ ọ́ lójú ewé kẹta nípa ẹni tó yìnbọn pa ìyàwó rẹ̀, kó sì tún kọ ọ́ lójú ewé eré ìdárayá nípa agbábọ́ọ̀lù tó gbá pẹnáritì wọlé láìmikàn.

Studená krev tí o wá kọ, àbúrò mi, ti alángbá nìyẹn. Ẹranko tó ní láti yá oòrùn kí ara rẹ̀ tó móoru ni wọ́n ń pè ní studenokrevný. Studený ni tíì tó ti tutù, omi kànga, irin ní òwúrọ̀. Chladný náà ni tútù, àmọ́ òun ló ń bá ìwà lọ jù. Àwọn ẹlẹ́ṣin tún wá gba ọ̀rọ̀ náà, wọ́n fi ń pe ẹṣin ńlá onísùúrù tó ń fa igi nínú igbó ní chladnokrevník. Ara ẹṣin náà gbóná bí ti ẹṣin gbogbo, ìwà rẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Èyí tó ń sá eré ìje ní ìlú Pardubice, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ eré ìje ẹṣin tí wọ́n ń pè ní Velká pardubická lọ́dún 1874, ni plnokrevník, ẹlẹ́jẹ̀ kíkún.

Ẹ wá sọ fún mi bí àkọ́sórí ìlà méjì ṣe fẹ́ gbé gbogbo èyí.

* * *

Ìdáhùn mìíràn ní ká pa Gẹ̀ẹ́sì tì, ká gba inú Yorùbá kọjá, pé èdè wa sún mọ́ Czech jù. Ó rí bẹ́ẹ̀ dé ibì kan. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, "má krev na rukou" ni wọ́n ń sọ; ẹni tí iṣẹ́ wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, "má to v krvi" ni; ẹ̀jẹ̀ sì ń hó lára ará Czech náà tí wọ́n bá rẹ́ ẹ jẹ. Mo fara mọ́ ọn títí dé ibẹ̀.

Àmọ́ yàrá kan ni mo háyà nígbà kan lọ́dọ̀ ìyá àgbà kan, obìnrin tó máa ń fi ọbẹ̀ pamọ́ dè mí tí mo bá pẹ́ dé. Ọmọọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, mo bá ìyá yẹn ní kíṣìnnì, ó fọwọ́ lérán, ó ní: "Ten kluk mi pije krev." Mo mọ ọ̀rọ̀ márààrún. Ọmọkùnrin yẹn ń mu ẹ̀jẹ̀ mi.

Gbogbo irun ara mi dìde. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ẹni tó bá ní ọmọ kékeré ń mu ẹ̀jẹ̀ òun, àjẹ́ ló pè é yẹn, ọ̀rọ̀ ti di ti ìpàdé ẹbí àti ilé àdúrà. Mo mọ ọmọ tí wọ́n febi pa nítorí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀. Mo yẹ ojú ọmọ náà wò láti ẹnu ọ̀nà: ó jókòó sílẹ̀, ó ń to mọ́tò kéékèèké sórí ìlà tí oòrùn ọ̀sán fà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń fi ẹnu dún bí ẹ̀rọ.

Ohun tí ìyá náà ń sọ kò ju pé ọmọ náà ń yọ òun lẹ́nu. Nepij mi krev! Má dà mí láàmú! Ọ̀rẹ́ ń sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́, ọkọ fún ìyàwó, kò sì sí ẹni tó ń gbé e lọ́kàn. Bí a bá tú u sí "bloodsucker" ní Gẹ̀ẹ́sì, a ti ṣì í, nítorí olówó èlé tàbí alọ́nilọ́wọ́gbà ni "bloodsucker", ẹni tó ń fa owó ẹni gbẹ bí eṣúṣú. Èyí tó bá a mu ní Yorùbá ni "yọ mí lẹ́nu", ẹ sì wo ọ̀rọ̀ tiwa náà dáadáa: kí ni ẹni tó ń yọ wá lẹ́nu ń yọ jáde lẹ́nu wa? Kò sí ọmọ Yorùbá tó ń rò ó bẹ́ẹ̀, àlejò nìkan ni yóò béèrè. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe rí nínú pije mi krev nìyẹn. Ẹni tó ni èdè kò rí i mọ́.

Ìdí rèé tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọ́ Czech pé kó má béèrè "kí ni wọ́n ń pe ẹ̀jẹ̀ níbí?" Kó béèrè pé: kí ni ẹ̀jẹ̀ ń ṣe nínú gbólóhùn yìí? Ṣé ó ń ṣàn ni, àbí ìwà ni, àbí ẹbí, àbí ìbínú, àbí kò tilẹ̀ ṣe nǹkan kan?

* * *

Nípa ẹni tó ní wọ́n ti ṣe àṣìṣe lórí káàdì òun, pé "O" ni wọ́n kọ fún òun ní Nàìjíríà ṣùgbọ́n òdo ni wọ́n kọ síbẹ̀ ní Czech: kò sí àṣìṣe, ẹ má dà wọ́n láàmú. Ẹ̀jẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń fi lẹ́tà O pè, nula ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ẹ ó gbọ́ nula pozitivní tàbí nula negativní. Ó sì bọ́gbọ́n mu, nítorí ẹ̀jẹ̀ yẹn ni èyí tí kò ní àmì A tí kò sì ní ti B. Ẹ fi etí sí ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń tú ìwé ilé ìwòsàn. Mo ti rí ìwé tí ògbufọ̀ kan ti yí òdo padà sí "kò sí ìdáhùn". Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí nìyẹn.

Àwọn ará Czech ní ìdí láti máa fi ọ̀rọ̀ irú ẹ̀jẹ̀ yangàn. Karl Landsteiner ní Vienna ló kọ́kọ́ pín ẹ̀jẹ̀ sí mẹ́ta, ní 1901. Jan Janský, dókítà ará Czech tó ń tọ́jú àwọn aláìsàn ọpọlọ, tí wọ́n bí ní 1873, ń wá bóyá ẹ̀jẹ̀ alárùn ọpọlọ yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Kò rí ohun tó ń wá, àmọ́ ní 1907 ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé mẹ́rin ni irú ẹ̀jẹ̀, ó sì fi nọ́ńbà Róòmù pè wọ́n láti I dé IV. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, William Moss, pín tirẹ̀ sí mẹ́rin láìmọ̀ nípa ti Janský, ó sì gbé I àti IV sípò ara wọn: ẹ̀jẹ̀ tó jẹ́ I fún Janský ni IV fún Moss. Ẹ fojú inú wo ilé ìwòsàn méjì tó ń lo nọ́ńbà méjì tó takora láti fa ẹ̀jẹ̀ síni lára! Lẹ́tà A, B, AB ló yanjú ìyẹn. Títí dòní, ẹni tó bá ti fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ní ilẹ̀ Czech ń gba àmì ẹ̀yẹ idẹ tó ń jẹ́ orúkọ Janský, ogún ìgbà ni ti fàdákà, ogójì ni ti wúrà.

* * *

Kíákíá, fún ẹni tó béèrè oúnjẹ: "black pudding" ni jelito. Ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀, ẹran àti ọkà báálì nínú ìfun. Gẹ̀ẹ́sì fi àwọ̀ pè é, Czech fún un ní orúkọ tirẹ̀, kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹ̀jẹ̀ nínú wọn. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú, bí wọ́n bá pe ènìyàn ní jelito, òmùgọ̀ ni wọ́n pè é.

Àti pé bí àgbàlagbà bá wo ọmọ yín tó ní "krev a mlíko", ẹ̀jẹ̀ àti wàrà, ẹ dúpẹ́. Ara yíyá àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó kún ni wọ́n ń yìn.

* * *

Ẹ jẹ́ ká padà sí ogún gbólóhùn àbúrò mi, mo rí i pé "my blood ran cold" wà nínú wọn. Ibí ni mo ti fẹ́ kí o ṣọ́ra jù, nítorí ẹ̀jẹ̀ tútù tún padà dé. Ẹ̀rù ni ti Gẹ̀ẹ́sì. Bí o bá kọ chladná krev sí i, o ti sọ pé ọkàn rẹ balẹ̀, òdìkejì pátápátá. Líle ni ẹ̀jẹ̀ Czech sábà máa ń le nígbà ìpayà: krev mi ztuhla v žilách, ẹ̀jẹ̀ mi gan sínú iṣan.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù sì wà: krve by se v něm nedořezal. Ènìyàn ì bá gé e, gé e, gé e, kò ní kan ẹ̀jẹ̀. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ ti sá kúrò lára rẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣe kan ṣoṣo, nedořezal, ni wọ́n kó gbogbo gígé yẹn sí: řezat ni kí a gé, do- ni kí a gé e débẹ̀, ne- ní kò ní débẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú rẹ̀. "Scared stiff" ni wọ́n máa ń fi tú u, ó tọ̀nà, àmọ́ ọ̀bẹ ti sọnù. Tiwa, àyà ló ń já.

Fún ìbínú, "makes my blood boil", vře ve mně krev dára. Wọ́n tún ní èyí tí kò kan ẹ̀jẹ̀ rárá, hnout někomu žlučí, kí a mi òróòro ẹni. Olùkọ́ rẹ yóò gba méjèèjì.

* * *

Àwọn tó kù, kí n má fi wọ́n sílẹ̀.

"Bad blood between them": zlá krev wà, àmọ́ dělat ló ń bá rìn jù. Dělá to zlou krev, ó ń dá ìjà sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ń sọ ìkùnsínú tó ti wà nílẹ̀, Czech ń sọ ohun tó bí i. Bó bá jẹ́ ìkùnsínú àtijọ́, o lè sọ ọ́ gbangba pé wọn kò rẹ́.

"Blood is thicker than water": krev není voda, ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe omi. Wọ́n tún ń sọ ọ́ tí ọmọ bá jọ bàbá rẹ̀ níwà.

Owó tí a fi òógùn ojú wá ni krvavě vydělané peníze. Ẹnìkan tú u sí "owó ẹ̀jẹ̀" nínú àwọn èsì yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á rẹ́. Owó ẹ̀jẹ̀ ni ti ẹni tó fi ènìyàn ṣowó. Lébìrà tó ru bíríkì láti àárọ̀ dalẹ́ ni Czech ń sọ, owó mímọ́ ni.

"Like getting blood from a stone": òkúta kò sí níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò sí. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ni kò jáde lẹ́nu ẹni, leze to z něj jako z chlupaté deky, ó ń jáde bí ẹni ń fa nǹkan jáde lára búláńkẹ́ẹ̀tì onírun. Bó bá jẹ́ owó ni, kde nic není, ani smrt nebere: níbi tí kò sí nǹkan, ikú pàápàá kò rí nǹkan mú. Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan, méjì ní Czech, ìwọ ni yóò yàn. Béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ ohun tí wọ́n ń wá lára òkúta yẹn.

Ní ti Ọjọ́bọ̀: nalačno ni wọ́n kọ sínú ìwé rẹ, ìyẹn ni pé má jẹun kí o tó wá. Nọ́ọ̀sì yóò so okùn mọ́ apá rẹ, yóò ní "zatněte pěst", di ẹ̀ṣẹ́. Tó bá ní "povolte", tú u. Bó o bá rí i pé ojú rẹ ń ṣú, má wá ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ kankan sọ. "Točí se mi hlava" ni kí o sọ, orí mi ń yí, bí àwa ṣe ń sọ pé òòyì ń kọ́ mi. Wọn yóò tẹ́ ọ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.